Àwòrán òkè ò jọ òkè

Fóònù ni mo fi ya fídíò nígbà àkọ́kọ́ tí mo gun Òkè Ìdànrè. Mo gbé e fún Màmá mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n wò ó tán, wọ́n dá fóònù padà, wọ́n ní, "Ṣé òkè náà nìyí? Ó kàn dà bí ẹni ń lọ sọ́jà." Ó ká mi lára. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni mo gùn, itan mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe jókòó tì wọ́n.

Orí òkè yẹn ni wọ́n bí ìyá Màmá sí, kí ìlú tó ṣí wá sísàlẹ̀. Màmá fúnra wọn gùn ún dáadáa nígbà èwe, àmọ́ orúnkún ò gbà mọ́. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní Physics l'Ákùúrẹ́, tí Ìdànrè ò jìnnà sí, ni mo wá di ẹsẹ̀ wọn.

Fídíò kì í mọ òkè yàtọ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ibi tó dúró ṣánṣán bí ògiri, nínú fídíò á tẹ́ bíi pápá bọ́ọ̀lù. Kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ àyà tiẹ̀ burú ju fóònù lọ níbi ká tẹ́ nǹkan, nítorí ojú rẹ̀ fẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ya àwòrán ló ń kọ àkọsílẹ̀ lọ, ohun tí mo sì tìtorí rẹ̀ ra HERO5 Black tòkunbọ̀ kan, kámẹ́rà ilé iṣẹ́ GoPro, ní Computer Village n'Íkẹjà nìyẹn. Òun ni GoPro àkọ́kọ́ tó ní GPS, ohun tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tó wà; ọdún 2016 ni wọ́n gbé e jáde. GPS inú rẹ̀ ń kọ ibi tó wà sílẹ̀ nǹkan bí ìgbà 18 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, sẹ́ńsọ̀ tó ń ka mímì ara rẹ̀ ń kọ tirẹ̀ nígbà 200, inú fáìlì MP4 kan náà sì ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán àti ohùn. Ẹni tó bá fẹ́ ra tirẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, kó wo nọ́ńbà ara páálí dáadáa: HERO12 tó jáde ní 2023 kò ní GPS, HERO13 ti 2024 ni wọ́n dá a padà sí.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹni tó ṣe okùn àyà yẹn ò ro tiwa mọ́ ọn. Bí mo ṣe dì í tán, ojú ọ̀run ni kámẹ́rà ń wò. Fóònù ló bá mi tún un ṣe. Bluetooth ló ń jí kámẹ́rà, Wi-Fi ló sì ń gbé ohun tó ń rí wá sórí fóònù, kí wọ́n lè bá ọ yí i sókè sódò. Ẹ kọ́kọ́ pa data o, torí Wi-Fi kámẹ́rà ò ní íntánẹ́ẹ̀tì nínú. Fóònù á ní kò wúlò, á já a sílẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ló di fóònù mú, ó ń tẹ̀ lé mi. Bí mo bá yíjú sí i, àwòrán ń lọ geere. Bí mo bá kẹ̀yìn sí i, ó dì. Mo mọ ohun tó fà á, mo sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ: omi ló pọ̀ jù lára ènìyàn, omi a sì máa gbé ìgbì Wi-Fi mì. Mo ní kó bọ́ síwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n máa fi ẹ̀yìn gun òkè ni?"

A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi ìsinmi nìkan la ti ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Gíga tí GPS ń kà ò ṣe é fi búra. Láàárọ̀, ó ní mítà 287 ni ìdí àtẹ̀gùn. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ojú ibẹ̀ gan-an ló ti ní 312. Àpáta ń gbá ìgbì sátẹ́láìtì padà bí ògiri ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo yọ gíga kúrò nínú nọ́ńbà tí mo fẹ́ kó máa hàn lórí fídíò, kí Màmá lè rí bí òkè ṣe le tó. Lílù ọkàn ni mo gbójú lé, aago ọwọ́ mi ló sì ń ka ìyẹn, kì í ṣe kámẹ́rà. Ilé iṣẹ́ Garmin ti ṣe kámẹ́rà kan rí, VIRB, tó máa ń gba lílù ọkàn látara bẹ́líìtì àyà fúnra rẹ̀, àmọ́ wọn ò ṣe é mọ́. Lórí kọ̀ǹpútà ni mo ti ní láti so tèmi pọ̀ mọ́ fídíò; aago kámẹ́rà àti aago ọwọ́ mi ló fi ń mú wọn bára mu.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀sín ara mi. Nínú fídíò, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo di irin àtẹ̀gùn mú bí ẹni tó fẹ́ kú, nọ́ńbà ní ìgbà 96 ni ọkàn mi ń lù láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó ṣe díẹ̀, mo jókòó, mò ń jẹ ẹ̀pà, nọ́ńbà ní 174. Àbúrò mi ní ẹ̀pà yẹn mà le o.

Ẹ̀bi mi ni. Mo ti yọ bátìrì kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, aago rẹ̀ ti padà sí 2016. Mo fi ọwọ́ tún un ṣe nínú mọ́tò, aago mọ́tò ni mo sì wò. Ọkọ mi ló mọ̀ọ́mọ̀ fi aago yẹn síwájú ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, kó má baà pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Gbogbo bí mo ṣe ń gùn, nọ́ńbà ìṣẹ́jú mẹ́rin sí i ni mò ń rí.

Mo lè fà á padà lórí kọ̀ǹpútà, mo sì fà á padà. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kejì tí mo tún lọ, mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀. Fóònù ni mo fi tún aago kámẹ́rà ṣe. Mo dúró síbi gbangba, kì í ṣe abẹ́ igi, títí GPS fi rí sátẹ́láìtì, torí aago wọn ò mọ ti ọkọ mi. Lẹ́yìn náà mo na ọwọ́ síwájú kámẹ́rà kó rí ojú aago mi, 8:14:07, kí n tó gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni Màmá wò ó, lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n bi mí kí ni nọ́ńbà pupa tó ń yí yẹn. Mo ní ọkàn mi ni. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. 128. 145. Wọ́n tọ́ka sí òkúta kan lápá òsì, wọ́n ní òun náà nìyẹn, wọn ò sọ òun wo. 160. Wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi sójú. Nígbà tó di 181, wọ́n dìde lórí àga, àwọn tí orúnkún ń dùn.

"Àbẹ̀kẹ́, jókòó! Jókòó ńbẹ̀ yẹn, sinmi!"

Nínú fídíò, mo ṣì gun àtẹ̀gùn mẹ́fà sí i kí n tó jókòó.