Ẹ Má Ṣe Bá Èrò Rẹpẹtẹ Lọ Wo Ẹranko

Nítorí ìyá mi ni mo ṣe sanwó ìrìnàjò náà. Inú oko ni wọ́n dàgbà sí ní ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n mọ orúkọ ẹyẹ ju bí mo ṣe mọ orúkọ àdúgbò Èkó lọ, láti ìgbà tí wọ́n sì ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ṣómólú ni wọ́n ti ń ráhùn pé adìẹ aládùúgbò àti aláǹgbá ara ògiri nìkan ni ẹranko tí ojú àwọn ń rí. Nígbà tí ẹnìkan ní àdúgbò wa ní òun yóò fi bọ́ọ̀sì kó èèyàn lọ sí Lẹ́kí, mo ní ọ̀rọ̀ bùṣe.

Lekki Conservation Centre ni a lọ. Igbó gidi ni, irà sì wà nínú rẹ̀. Ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, àjọ Nigerian Conservation Foundation tí ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, èyí tí Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, ni ó sì dá ọgbà náà sílẹ̀ ní ọdún 1990. Ọ̀bọ, ọ̀kẹ́rẹ́, awọ́nrínwọ́n àti oríṣiríṣi ẹyẹ ń rìn bó ṣe wù wọ́n níbẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè ṣèlérí fún yín pé ẹ máa rí wọn. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń jáde, torí bí oòrùn bá ti mú, ìbòòji ni olúkúlùkù ń wá lọ. Ẹ wá wò ó: a dúró de àwọn tí wọn kò tíì wẹ̀, a dúró de àwọn tí ìrẹsì wọn kò tíì jinná, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ dá wa dúró láti orí Afárá Third Mainland títí dé Lẹ́kí, ọ̀sán gangan ni a sì tó wọlé.

Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà kìlọ̀ fún wa pé kí á má fún ọ̀bọ ní oúnjẹ. (Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọgbà náà ni mò ń bá wíjọ́.) Ọ̀nà pákó tí ó gba orí irà kọjá kò fẹ̀, èrò wa kún un, ẹnìkan sì gbé ẹ̀rọ orin dání. Síbẹ̀, Ọlọ́run ṣe é, agbo ọ̀bọ kan sọ̀kalẹ̀ sórí ẹ̀ka tí kò jìnnà sí wa, abo kan nínú wọn gbé ọmọ mọ́ àyà. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ má mira, wọn á sún mọ́ wa." Kò sí ẹni tí ó dá wọn lóhùn. Arákùnrin kan já gálà, ó jù ú sí wọn, akọ ńlá kan sì fò sórí pákó láti wá gba èyí tí ó kù nínú ọ̀rá. Àwọn tí ó wà níwájú fi igbe ta, wọ́n yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ti ìyá mi ṣubú. Ọ̀bọ náà kò fọwọ́ kàn wọ́n rárá. Ènìyàn ni ó bì wọ́n lulẹ̀. Orúnkún wọn bó, gèlè wọn bọ́ sínú irà, èmi sì dojú bolẹ̀ lé wọn lórí kí èrò má baà tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹni tí ó kó wa wá ń fi fóònù yà wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò náà ti dé orí WhatsApp àdúgbò, àwọn ọmọdé sì ti ń bi mí pé, "Màmá ọlọ́bọ ńkọ́?"

Nítorí náà, ẹ má ṣe bá èrò lọ wo ẹranko. Ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Ẹ má mú oúnjẹ lọ́wọ́, torí ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní mona yìí ní àpò nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó máa ń yára kó oúnjẹ sí, tí ó bá sì ti mọ adùn oúnjẹ ènìyàn, gbogbo ọ̀rá tí ó bá rí ni yóò fẹ́ já gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá bá èrò lọ, ta ni yóò ju gálà? Afárá tí wọ́n so sókè láàárín igi nínú ọgbà náà, tí ó gùn ní mítà 401, tí ó ń mì bí a ti ń rìn lórí rẹ̀, ẹ fi í sí ìkẹyìn, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tí ń pariwo kọ́kọ́ kọjá, nítorí èrò náà ni mo ṣì ń sọ. Àwọn kan ní kí ni mo mú àgbàlagbà lọ ṣe níbẹ̀. Ìyá mi tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ ra ẹja ní Bàrígà! Ẹsẹ̀ wọn kò ní àléébù kankan kí wọ́n tó tì wọ́n.

Èmi àti ìyá mi nìkan ti padà lọ. A ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣí i ní agogo mẹ́jọ ààbọ̀, a rí ọ̀bọ, a rí awọ́nrínwọ́n, ìyá mi sì ń dárúkọ ẹyẹ fún mi títí ó fi rẹ̀ mí.

Ẹni tí ó fi bọ́ọ̀sì kó wa lọ yẹn tún ti ń gba owó ìrìnàjò mìíràn, fídíò ìyá mi ni ó sì fi ń polówó rẹ̀. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bá mi sọ fún un kí ó yọ ọ́ kúrò.