Páálí Indomie kò sí nínú fọ́ọ̀mù

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti fọ́ọ̀mù kan. Fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ ni, láti ọ̀dọ̀ àjọ kan tó ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba mọ̀wé kà. Ọ̀gá wa ló gbé e lé mi lọ́wọ́: "Àńtí, ẹ̀yin lẹ mọ Gẹ̀ẹ́sì-í kọ. Ẹ bá wa ṣe é." Bí wọ́n ṣe ń yin èèyàn kí wọ́n tó di ẹrù rù ú nìyẹn.

Kíláàsì kẹrin ni mo ń kọ́, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọmọ 61 ni wọ́n. Tí àsìkò kajú bá dé, wọ́n lè má ju ogójì lọ, torí àwọn yòókù ti bá ìyá wọn lọ sóko lọ ṣa kajú.

Kí n tó kọ ohunkóhun, mo ní kí n kọ́kọ́ mọ ibi tá a dúró ná. Mo kọ gbólóhùn mẹ́ta sórí ìwé: "Bàbá Bọ́lá ra ewúrẹ́ ní Ọjà Igbó. Ó so ó mọ́ igi. Ewúrẹ́ já okùn." Mo ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sábẹ́ igi máńgòrò. Nínú ọmọ 61, mẹ́rìnlá ló kà á délẹ̀. Yorùbá ni o, èdè tí wọ́n fi ń bú ara wọn látàárọ̀ dalẹ́.

Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀. Tí mo bá béèrè ọ̀rọ̀ ní kíláàsì, òun ló máa ń kọ́kọ́ nawọ́. Ó gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wá, ó ka odidi ojú ewé kan fún mi, ó ń mi orí bí ẹni ń kọrin. Nǹkan kan ní kí n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ewé náà. Kò dúró! Ó ń kà á lọ ní tirẹ̀. Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Ìgbà tí mo wá gbé ewúrẹ́ Bàbá Bọ́lá síwájú rẹ̀, ó wo ìwé, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àńtí, ẹ kọ́kọ́ kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan."

Ọdún mẹ́rin ló ti fi ń bọ̀ nílé ìwé o.

Ẹ má rò pé ìrànwọ́ ò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Páálí ìwé ìtàn mẹ́fà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ọ̀gá. Àwọn aláàánú kan ló kó wọn wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Ìtàn àwọn ọmọ tó ń ṣeré nínú yìnyín. Aáyán ló ń kà á jù.

Ti ìjọba náà ní bó ṣe rí. Òfin ọdún 2004 tó dá UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, sílẹ̀ ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ìdá 2 nínú 100 lára owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba owó ìkọ́lé àti ohun èlò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka iye kan náà sílẹ̀. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ẹran ta ọ́ lọ́rẹ, wọ́n wá ní kó o mú ìdajì owó ẹ̀ wá. Ní 2017 ẹ̀wẹ̀, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 611 dọ́là fún ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní BESDA ní ìpínlẹ̀ 17, Ọ̀yọ́ nìkan ló sì wà níbẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé àbájáde ni wọ́n so púpọ̀ owó náà mọ́: ọmọ tó padà sílé ìwé, ọmọ tó ń kàwé.

Èyí tó wù mí jù lọ ti pẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ gba owó lọ́wọ́ Ford Foundation, àjọ aláàánú kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì kàn jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Owó yẹn ò lọ sórí ọ̀dà. Wọ́n fi ṣe ìwé, wọ́n fi kọ́ olùkọ́. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ yẹn wò, wọ́n ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo rò fún Bàbá alága SBMC wa, ìgbìmọ̀ àwọn ará àdúgbò tó ń bá wa bójú tó ilé ìwé, kápẹ́ńtà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbọ́ mi tán.

"Àńtí, bẹ́ǹṣì ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lọmọ ń jókòó."

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ò mọ̀wé kà ńkọ́?"

"Ẹ gbọ́. Àwọn olówó fẹ́ fọ́tò. Kí lẹ fẹ́ yà nínú ohun tẹ́ ẹ kọ yìí?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ohun tí mo kọ ni wákàtí kan lójúmọ́ fún ìwé kíkà, owó ọkọ̀ fún ọmọbìnrin méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, páálí àti máákà. Ọgbọ́n tí Pratham, àjọ kan tó ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà ní Íńdíà, ń lò ni mo yá: wọn ò ní wo kíláàsì ọmọ, ibi tó bá kàwé dé ni wọ́n á ti bá a bẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà ní àyè fún àga, ọ̀dà àti kọ̀ǹpútà. Mo kọ bẹ́ǹṣì Bàbá sí àyè àga, mo fi tèmi sábẹ́ "àwọn nǹkan mìíràn".

A ò dúró de èsì. Ìyá tó ń ta ọjà níwájú ilé ìwé fún wa ní páálí Indomie, a gé e wẹ́wẹ́, a kọ ba, bẹ, bi sára rẹ̀, títí dórí odidi ọ̀rọ̀. Mo pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà mẹ́rin. Aláhàásórí mi bọ́ sáàárín àwọn ba-bẹ-bi, ó bínú fún ọjọ́ méjì.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin: wọ́n gbà fún bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní owó ọkọ̀ ò sí nínú ètò àwọn. Mi ò ní parọ́, bẹ́ǹṣì náà dáa, Bàbá alága sì ń wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà Bàbá fúnra wọn ni wọ́n fi ń gbé àwọn ọmọbìnrin méjèèjì láti Tákìé láràárọ̀ báyìí, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, aláhàásórí mi mú páálí kan wá bá mi. Ìkánjú ni mo fi kọ ọ́ lálẹ́ àná rẹ̀: "okun".

"Àńtí, ẹ ò fi àmì sí i. Ṣé okun ni àbí okùn? Èwo gan-an ni ewúrẹ́ yẹn já?"

Mo ní kó bá mi mú máákà wá.