Core i5-2500K mi: ó yege lóru, ọ̀sán ló tú u fó

Sátidé

Ọdún 2011 ni Intel gbé Core i5-2500K jáde, prósẹ́sọ̀ ni, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Tòkunbọ̀ ni tèmi, Pánṣẹ́kẹ́, l'Ábẹ́òkúta, ni mo ti rà á, kò sì sẹ́ni tó lè sọ iye ọwọ́ tó ti gbà kọjá. Ìyára 3.3 GHz ni wọ́n dá a mọ́, ó sì máa ń gun 3.7 fúnra rẹ̀. Lẹ́tà K tó wà nídìí orúkọ rẹ̀ ni mo torí rẹ̀ rà á, torí òun ló fún wa láyè láti wọ BIOS, ìyẹn ojú ìwé ètò tó ń ṣí kí Windows tó ṣí, ká yí ìlọ́po rẹ̀ padà kó lè sáré sí i. Mo gbé e sí 45: 100 MHz lọ́nà 45, 4.5 GHz nìyẹn. Mo fún un ní 1.34 fóltì. Windows ṣí wẹ́rẹ́. Mo wo fídíò, mo ṣe gbogbo ohun tí mo máa ń ṣe, kò fi mí ṣeré rárá. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Aago mẹ́wàá alẹ́, mo tan Prime95, ètò tí wọ́n fi ń dán prósẹ́sọ̀ wò, mo yan ìdánwò rẹ̀ tó ń jẹ́ Small FFTs. Nọ́ńbà gàgàrà ni ètò yìí ń sọ di púpọ̀, ó sì ti mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀, nítorí náà prósẹ́sọ̀ ò lè purọ́ fún un. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Màmá mi, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, yọjú.

“Kí ló ń ṣe é tó ń pariwo báyìí?”

“Mo ń dán an wò ni mà, bóyá á dúró.”

“Ṣebí o ti ń lò ó látàárọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà, kò ṣe nǹkan kan.”

“Àdìrẹ tí wọn ò tíì fọ̀, ta ló mọ̀ bóyá aró mú un?”

Sọ́ńdè

Mo jí, ẹ̀rọ ti kú. Windows kọ Kernel-Power 41 sílẹ̀, ìyẹn pé ẹ̀rọ kú láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló máa ń kọ, ì báà jẹ́ iná ló lọ, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ ló ṣubú. Mo ṣí results.txt, fáìlì tí Prime95 ń kọ èsì sí: “passed” ni gbogbo ìlà, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ará ilé kan ní àsìkò yẹn gan-an ni iná lọ, òun ló dìde lọ pa fìríìjì. Ooru rẹ̀ ò kọjá 71°C lóru. Mo ní ó ti yege.

Mọ́ńdè

Kò yege. Abẹ́ páànù ni yàrá mi wà, ní Láfẹ́nwá. Lóru, 26°C ni yàrá. Ní aago méjì ọ̀sán, 34°C. Prósẹ́sọ̀ gun 81°C. Kọ́ọ̀ mẹ́rin ló wà nínú prósẹ́sọ̀ yìí, àwọn ni wọ́n ń ṣe ìṣirò; Prime95 sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tó ń pè ní òṣìṣẹ́ (worker). Ìṣẹ́jú 27 péré, òṣìṣẹ́ kẹta dúró: “Rounding was 0.5, expected less than 0.4”. Nọ́ńbà tó ní dẹ́símà ni Prime95 fi ń ṣírò, ìdáhùn sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ nọ́ńbà odindi. Tó bá bọ́ sí àárín méjì gẹ́lẹ́, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó yẹ ká mú. Àwọn kọ́ọ̀ mẹ́ta yòókù ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ, Windows ò sì mọ nǹkan kan. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn: ká ní fáìlì ni mò ń kó pamọ́ ńkọ́?

Àwọn kan á ní kí n fi fóltì kún un. Rárá o. Fóltì lọ́nà fóltì ni ooru ń tẹ̀ lé: láti 1.34 dé 1.40, bíi 9 nínú 100 ló máa fi lé e. Yàrá yìí ò lè gbé e.

Túsìdeè

Mo tú fáànù. Eruku ọyẹ́ ti dí àárín irin tó ń fa ooru pa, bí òwú ló rí. Mo nu ọ̀rá àtijọ́ tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti irin yẹn kúrò, mo fi tuntun sí i. Mo gbé ìlọ́po wálẹ̀ sí 43, fóltì sí 1.26. Aago méjìlá ọ̀sán gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀, mo ti fèrèsé pa, kó lè rí ìyà dáadáa. Iná dúró di aago mẹ́rin àbọ̀, àánú Ọlọ́run ni. 71°C, òṣìṣẹ́ mẹ́rin, àṣìṣe kò sí.

Ó ku Blend, ìdánwò Prime95 mìíràn tó ń fi mẹ́mórì kún un. Ọ̀la, lọ́sàn-án, bí iná bá wà.