Ọdún Màmá Ìtòkú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ̀ pé ọdún yìí kò ní oṣù méjìlá. Ọjọ́ kan péré ló ní: ọjọ́ tí Màmá Ìtòkú, aláró l’Abẹ́òkúta, lo oògùn ikọ́ ife wọn tán. Oríṣi 4 fún oṣù 2, oríṣi 2 fún oṣù 4, wọn ò fo ọjọ́ kan. A jó, adìẹ kan ló forí fá a. Ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá dé ìdajì àtẹ̀gùn ilé wọn, wọ́n jókòó. Àwa tá a ti kéde pé “ó parí” wá ń wolẹ̀.

Oògùn ń pa kòkòrò. Kì í tún ibi tó ti jẹ kọ́. Àpá ń dúró nínú ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀nà èémí ibẹ̀ lè fẹ̀ kó sì dẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a wá sùn síbẹ̀ bí omi gọ́tà tí kò ní ìdagẹ̀rẹ̀. Téèyàn bá ń fagídí wúkọ́, agbára yẹn ló ń pa ọ̀nà náà dé. Èyí tó ń gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde fún Màmá rèé, àárọ̀ àti alẹ́, ìṣẹ́jú 10: ẹ mí jẹ́jẹ́; ẹ fa èémí ńlá lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ máa dá a dúró ka 3; ẹ tún mí jẹ́jẹ́; ẹ wá lanu, kẹ́ ẹ fi ikùn tì í jáde, “hàà”, bí ẹni tó fẹ́ fi èémí nu jígí. Ẹ tún un ṣe. Lórí àtẹ̀gùn, ẹ fẹ́ èémí jáde bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ sinmi kó tó há.

Ikọ́ bá padà, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, àmọ́ GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá àmì kòkòrò ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, nìkan kò tó: ó lè rí àjẹkù kòkòrò tó ti kú. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n gbìn ní láàbù ló ń sọ èyí tó wà láàyè.

Bàbá Láfẹ́nwá, táwọn náà ti ní ikọ́ ife rí, ńkọ́? Wọ́n ní ata ló mú àwọn tutọ́ pupa. Inú ihò tí ikọ́ ife fi sílẹ̀, nǹkan bí èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ lè hù síbẹ̀, kó máa ta ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ọsibítù lọ́jọ́ náà. Wọ́n ṣì jẹ wá lówó ayò. A ò forí jì wọ́n.

Ìrìn ìṣẹ́jú 6 la fi ń wọn Màmá, mítà 30 lọ, 30 bọ̀. Ìgbà 7 ni wọ́n rin mítà 30 náà lóṣù kẹjọ, ó ti di 10. Ọyẹ́ ti dé, eruku àti èéfín kò sì bá ẹ̀dọ̀fóró Màmá mu, nítorí náà ọmọ wọn ló ń dúró ti ìkòkò aró àti iná igi báyìí. Màmá ní àwọn á gun Olúmọ lọ́dún Àjíǹde. A ní kí wọ́n kọ́kọ́ dé yàrá òkè.