Wọ́n Ní Kókó Ọkọ Mi Kò Ṣeé Gé: Ìbéèrè Tí Mo Fẹ́ Kí Ẹ Bi Dókítà

Tí dókítà bá sọ fún yín pé jẹjẹrẹ inú pancreas èèyàn yín, ẹran ara tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù, kò ṣeé gé, ẹ má tíì dìde lórí àga. Ẹ bi í pé: "Kí ló dé tí kò fi ṣeé gé? Ṣé ó ti tàn dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró ni, àbí ó dì mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀?" Ọ̀nà àwọn méjèèjì jìn síra wọn gan-an. Bí ẹ ò bá mú nǹkan mìíràn nínú ohun tí mo kọ yìí, ẹ mú ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ń rù, a ní iṣẹ́ alẹ́ ló ń fà á. Ara ń yún un, ìgbẹ́ rẹ̀ funfun, ìtọ̀ rẹ̀ ṣú bíi tíì tí a ò bu mílíìkì sí. Ìyá ọkọ mi rí ojú rẹ̀ lórí fóònù láti Ìbàdàn, wọ́n ní ibà apọ́njú ni. Àwọ̀ ojú tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́, àmọ́ kókó kan lórí pancreas ló fún ọ̀nà òróòro pa. Nílé ìwòsàn níbí ní London, wọ́n ki páìpù kékeré tí wọ́n ń pè ní stent síbẹ̀ kí òróòro lè máa ṣàn. Ojú rẹ̀ mọ́ padà, inú wa sì dùn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè wá pé ká wá gbọ́ èsì scan. Ọmọdébìnrin dókítà kan tí a ò rí rí ló jókòó níbẹ̀. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo wa, ó ní kò ṣeé gé, pé wọ́n máa ṣe gbogbo ohun tó bá lè mú kí ara tù ú. Ọkọ mi, tó máa ń ka rísíìtì ọjà lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù, kò béèrè nǹkan kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Nígbà tí a dé bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù, ó yọ fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀ n'Íbàdàn. Mo rò pé àìsàn ló fẹ́ sọ fún un. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Ilẹ̀ tí Bàbá fi sílẹ̀ ní Mọ́níyà yẹn, ṣé ẹ ti mọ ògiri yí i ká? Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé mi sí." Àbúrò rẹ̀ figbe ta pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ ń wí?" Ó pa fóònù. Bọ́ọ̀sì wá, ó lọ, òmíràn tún wá. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ìyá Ìbejì, tí owó gbígbé òkú lọ sílé bá pọ̀ jù, ẹ sin mí síbí. Ẹ má jẹ gbèsè nítorí mi." Ó wá ń ka nọ́ńbà báńkì rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n kà á padà kó gbọ́. Mo kà á. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀, mi ò lè sunkún. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ó kọ oúnjẹ, ó sì kọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún ọkọ mi, ó dénú rẹ̀, ó di ikú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì àwọn oníjẹjẹrẹ pè wá ni mo bi í pé ibo ló tàn dé. Ó ní, "Kò tíì tàn dé ibì kankan." Ó ní iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìfun ni kókó náà wé mọ́, pé tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ kàn án, ewu ńlá ni. Mo jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa. Èèyàn kan ti ń múra ikú nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ!

Nínú èèyàn 100 tí wọ́n bá rí àrùn yìí lára wọn, bíi 15 sí 20 péré ni wọ́n lè gé tiwọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ti bí ìdajì ti tàn lọ síbòmíràn. Àwọn tó kù wà láàárín bíi ti ọkọ mi, àwọn wọ̀nyí ni ìbéèrè mi wúlò fún jù.

Kímò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ló kọ́kọ́ gbà: FOLFIRINOX, oògùn mẹ́rin pa pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn máa ń mú kí òtútù dà bí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kò lè fọwọ́ kan fíríìjì. Kókó náà kéré sí i, àmọ́ kò fi iṣan náà sílẹ̀. Ìgbà yẹn la gbọ́ nípa IRE, ìtọ́jú tó ń fi iná mànàmáná pa kókó, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń jẹ́ NanoKnife. Wọ́n máa fi oògùn mú aláìsàn sùn, wọ́n á dá iṣan ara rẹ̀ dúró kó má baà fò, wọ́n á wá fi scan darí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gba awọ ara wọlé yí kókó ká. Iná tó lè tó fólítì 3,000 ló máa ń gba àárín abẹ́rẹ́ náà kọjá, ẹ̀ẹ̀kan kì í ju ìdá kan lọ tí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 10,000, wọ́n á sì máa jẹ́ kó bá lílù ọkàn mu. Iná náà ń lu sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ní ihò tí kò ní dí mọ́, sẹ́ẹ̀lì náà á kú. Kì í ṣe ooru ló ń pa á, ìdí nìyí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ fi lè yè é. Ṣé ẹ rí i báyìí? Kókó tó dì mọ́ iṣan ni wọ́n torí ẹ̀ ń gbé e wá. Tó bá ti tàn dé ẹ̀dọ̀, wọn kì í sábà ṣe é. Ẹ béèrè!

Mi ò pè é ní ìwòsàn o. NICE, àjọ tó ń gba àwọn dókítà nílùú ọba nímọ̀ràn, sọ lọ́dún 2017 pé ẹ̀rí kò tíì tó, pé inú ìwádìí nìkan ni kí wọ́n ti máa lò ó fún pancreas. Ní Netherlands, wọ́n fi wé ìtọ́jú onítànṣán, èsì jáde lọ́dún 2024, kò sì fi hàn pé IRE mú kí èèyàn pẹ́ láyé jù ú lọ. Nítorí náà, ẹ béèrè nípa ìtànṣán náà. A mọ gbogbo èyí kí a tó sanwó nílé ìwòsàn aládàáni, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló yàn án. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ká ti fi owó náà ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run, a gbàdúrà, a ṣì ń gbà á.

Wọ́n ṣe é, ìrora wà, ó wálé. Ó ń mu Creon, oògùn tó ń jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú, pẹ̀lú oúnjẹ, ó ti sanra díẹ̀, scan tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ dára.

Ẹ má dá lọ gbọ́ èsì. Ẹ mú ẹni tí kò ní jẹ́ kí ẹ dìde láìbéèrè ìdí tí kò fi ṣeé gé. Ẹ bi wọ́n bóyá ìgbìmọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ pancreas gan-an ti wo scan náà, kì í ṣe pé wọ́n ka ìwé èsì nìkan. Ẹ gba àwòrán scan náà sọ́wọ́. Tí ẹ bá fẹ́ béèrè nípa IRE, ẹ sọ fún wọn tí ẹ̀rọ bá wà láyà aláìsàn tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù, tàbí tí ọkàn rẹ̀ kì í bá lù déédéé. Ẹ tún sọ bóyá stent onírin ni wọ́n fi sí i tàbí onírọ́bà, torí irin tó bá sún mọ́ ibi tí iná náà máa gbà lè fa ìjàǹbá, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n á kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀.