Ọ̀tún Bí Òsì: Bí A Ṣe Ń Fi Fóònù Ya Ohun Tó Bára Dọ́gba ní Àbújá

Ẹ kọ AYA, orúkọ oríta tí gbogbo awakọ̀ Asokoro mọ̀, sórí bébà ní lẹ́tà ńlá, kí ẹ gbé e síwájú dígí. Kò ní yí padà. Ẹ kọ OMO, ọṣẹ ìfọṣọ, bákan náà ni. Ẹ kọ ATA bí àwọn oníṣòwò ṣe ń kọ ọ́ sára pátákó, òun náà á dúró bó ṣe wà. Wàyí o, ẹ kọ CIVIC, orúkọ mọ́tò Honda. Ẹ kà á láti iwájú, ẹ kà á láti ẹ̀yìn, CIVIC náà ni. Ṣùgbọ́n nínú dígí, ẹnu C méjèèjì á ti yí kọjú sí òsì. Ọ̀rọ̀ tí a lè kà síwá sẹ́yìn kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí dígí kò lè yí, ẹni tó bá sì fẹ́ máa ya fọ́tò tó bára dọ́gba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí tí òun ń wá nínú méjèèjì.

Lẹ́tà tí dígí kò lè yí ni A, H, I, M, O, T, U, V, W, X àti Y. Omi kì í yí ọ̀tún sí òsì ní tirẹ̀, òkè ló ń yí sí ìsàlẹ̀, nítorí náà àwọn lẹ́tà tirẹ̀ yàtọ̀: B, C, D, E, H, I, K, O àti X. Ìdí nìyẹn tí KEKE fi ń jẹ́ KEKE nínú omi òjò, tí EKO ń jẹ́ EKO, tí pátákó DEI-DEI, níbi ọjà ohun èlò ìkọ́lé, fi dára láti yà lẹ́yìn òjò ju pátákó WUSE lọ. Bí ẹni tó kọ pátákó bá fi àmì ohùn sí i, ẹ tún un wò dáadáa, torí pé nínú dígí, Ó á di Ò. ATA bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, ohùn àárín ló ní níbẹ̀rẹ̀ àti lópin. Ẹ ṣọ́ra fún B tí wọ́n fi ọwọ́ kọ pẹ̀lú: ikùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń tóbi ju tòkè lọ, omi á sì tú àṣírí rẹ̀.

Nọ́ńbà ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ wò tí ojú wọn bá ti là sí nǹkan báyìí. Ẹ má wulẹ̀ wá èyí tó bára dọ́gba láti orí dé ìdí lára àwọn ọkọ̀ aládàáni tó wọ́pọ̀ láàárín wa, kò lè sí. Lẹ́tà mẹ́ta ló ṣáájú, nọ́ńbà mẹ́ta tẹ̀ lé e, lẹ́tà méjì ló gbẹ̀yìn. Ẹyọ kẹta láti iwájú jẹ́ lẹ́tà, ẹyọ kẹta láti ẹ̀yìn jẹ́ nọ́ńbà, wọn kò lè bára mu láé. Nọ́ńbà mẹ́ta àárín nìkan ló lè ṣe é, irú 464 tàbí 828, ọ̀kan nínú mẹ́wàá sì máa ń rí bẹ́ẹ̀, torí náà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Berger kò ní ṣàìní mélòó kan. Ẹ ya nọ́ńbà àárín nìkan. Gbogbo rẹ̀ lódindi lè tọ́ka sí ẹni tó ni ọkọ̀, ìyẹn kò sì yẹ ní gbígbé síta.

Kí n tó dé orí kámẹ́rà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ dúró sí ló ń ṣe fọ́tò tó bára dọ́gba. Gbogbo ohun yòókù, títí kan fóònù olówó ńlá, ẹ̀yìn ìyẹn ló wà. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni kí èèyàn dúró ní ìgbésẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ ìlà àárín, kó wá yí ọrùn ọwọ́ títí ilẹ̀kùn á fi wọ àárín fọ́tò. Ilẹ̀kùn wọ àárín lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá ilé tó sún mọ́ yín á tóbi ju apá kejì lọ, ìlà òrùlé á sì dagẹ̀rẹ̀. Kò sí áàpù tó lè tún un ṣe tán pátápátá, torí pé ohun tó fara pamọ́ sẹ́yìn òpó lápá kan ti hàn lápá kejì. Ẹ rìn sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má yí ọwọ́.

Báwo la ṣe ń rí ìlà àárín? Ẹ wá ohun méjì tó wà lórí rẹ̀, ọ̀kan nítòsí, ọ̀kan lọ́nà jíjìn. Ẹnu ọ̀nà àti ṣóńṣó òrùlé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ yìí dáadáa. Níbi mọ́ṣáláṣí ńlá ti Central Area, èyí tí òrùlé rìbìtì rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà, mínárẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ilé gogoro, mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá dúró sójú ìlà, méjì tó wà lẹ́yìn á yọ sáàárín méjì tó wà níwájú, àlàfo ọ̀tún á sì bá àlàfo òsì mu. Bí àlàfo ọ̀tún bá kéré ju tòsì lọ, ẹ ti lọ sápá ọ̀tún jù, ẹ sún sósì. Ìgbésẹ̀ kan péré máa ń hàn kedere. Ẹ yẹra fún àkókò ìrun, kí ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé iṣẹ́ tàbí ilé ìtajà, ilẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ ka táìlì láti ògiri dé ògiri. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́jọ, ojú ìsopọ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún ni àárín. Bí wọ́n bá jẹ́ méje, àárín táìlì kẹrin ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lẹ táìlì sábà máa ń gé èyí tó kángun sí ògiri kan, tí wọn kì í sì í gé ti òdìkejì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbàgbé kíkà, ẹ fi ẹsẹ̀ wọn ìbú rẹ̀.

Ó tún ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, lẹ́ńsì kò sí láàárín, igun òkè ló wà. Tí ẹ bá gbé àárín fóònù sórí ìlà, ó ṣeé ṣe kí lẹ́ńsì ti fi bíi sẹ̀ǹtímítà méjì yà kúrò lórí rẹ̀. Èyí kò já mọ́ nǹkan fún ilé ńlá. Fún abọ́, nọ́ńbà ọkọ̀ tàbí ihò kọ́kọ́rọ́, ó tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Lẹ́ńsì ni kó wà lórí ìlà.

Ẹ tan gírìdì nínú ètò kámẹ́rà. Àwọn ìlà rẹ̀ kò fi àárín hàn yín, ibi ìdá mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n wọ́n wúlò: ẹ mú òpó méjì tó jọra lára ilé, kí àlàfo òpó ọ̀tún sí ìlà ọ̀tún bá tòsì mu. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo etí fọ́tò. Bí etí ọ̀tún bá gé fèrèsé kan sí méjì, etí òsì gbọ́dọ̀ gé ìkejì rẹ̀ níbì kan náà. Etí ni mo máa ń gbẹ́kẹ̀ lé ju àárín lọ.

Bí ẹ bá gbé ojú fóònù sókè kí orí ilé lè wọlé, ògiri méjèèjì á fún pọ̀ lókè. Ẹ mú fóònù dúró ṣánṣán, ẹ sẹ́yìn títí orí ilé á fi wọlé fúnra rẹ̀, kí ẹ gé ilẹ̀ tó pọ̀ jù nísàlẹ̀ kúrò nígbà tó bá yá. Ẹ lo 1x tàbí 2x. Lẹ́ńsì 0.5x máa ń na ohun tó wà ní etí, èèyàn tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ á fẹ̀ ju ti àárín lọ.

Omi ló dùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Láti Oṣù Kẹrin sí Oṣù Kẹwàá, òjò máa ń fi omi sílẹ̀ lójú títì Àbújá, omi tí kò ju àtẹ́wọ́ méjì lọ sì lè gba odindi ilé. Ẹ yí orí fóònù sísàlẹ̀, kí lẹ́ńsì wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì mú un sún mọ́ omi títí àlàfo rẹ̀ á fi kù bí ìbú ìka kan. Ìdí méjì ló wà fún ìyẹn. Èkíní, tí ẹ bá wo omi láti òkè tààrà, nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ ló ń dá padà, ilẹ̀ inú omi lẹ máa rí; bí ojú yín ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà ń pọ̀ sí i, débi pé omi pupa gan-an á di dígí. Èkejì, àwòrán inú omi kì í ṣe ẹ̀dà ilé. Bí ilé ṣe máa rí láti ìsàlẹ̀ omi ló ń fi hàn, abẹ́ àjà àti abẹ́ igi, torí náà bí lẹ́ńsì bá ṣe sún mọ́ omi tó ni méjèèjì á ṣe jọra tó.

Ẹ fi ìka tẹ ilé tó wà lójú fóònù, ẹ má tẹ omi. Ilé àti òjìji rẹ̀ jìnnà bákan náà sí lẹ́ńsì, ewé tó léfòó sójú omi ni kò ní hàn kedere. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó dúró pa, kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀, torí pé ojú ọ̀run máa ń funfun jù, òjìji rẹ̀ sì máa ń dúdú jù ú lọ. Bí ẹ bá wọ dígí ojú tó ń pa ìtànṣán, ẹ bọ́ ọ, òun gan-an ló ń pa òjìji inú omi rẹ́. Fún adágún Jabi, àárọ̀ kùtùkùtù ni, kí afẹ́fẹ́ tó dìde.

Oòrùn lè ya ilé tó bára dọ́gba sí méjì, apá kan mọ́lẹ̀, apá kejì ṣú. Àbújá wà ní ìwọ̀n 9 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Láti àárín Oṣù Kẹrin títí dé òpin Oṣù Kẹjọ, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Ìyókù ọdún, apá gúúsù ni. Ilé tó kọjú sí gúúsù, ẹ yà á ní Oṣù Kejìlá, ní ọ̀sán gangan. Ọ̀sán gangan ní Àbújá kì í ṣe agogo méjìlá: ìlú náà wà ní ìwọ̀-oòrùn ibi tí wọ́n ti wọn aago wa, torí náà nǹkan bí agogo méjìlá ààbọ̀ ni oòrùn ń dé àárín. Ilé tó kọjú sí ìlà-oòrùn, ẹ yà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó súnmọ́ 21 Oṣù Kẹta tàbí 23 Oṣù Kẹsàn-án. Tí ọyẹ́ bá dé, ọ̀rọ̀ oòrùn kúrò ńlẹ̀: eruku á tan ìmọ́lẹ̀ kálẹ̀, ọ̀tún àti òsì á gbà á bákan náà. Ẹ má fi etí aṣọ nu eruku yẹn lójú lẹ́ńsì, iyanrìn inú rẹ̀ á ha á. Ẹ fẹ́ ẹ dànù ná, kí ẹ tó fi aṣọ dígí ojú nù ún.

Ohun tí à ń yà láti òkè rọrùn láti bàjẹ́. Agbada ihò-ihò tí wọ́n fi ń dín máásà, tàbí kòtò aró Kofar Mata ní Kánò, èyí tí wọ́n ń ka ìtàn rẹ̀ sí ọdún 1498: bí fóònù bá fì díẹ̀, òbìrìkìtì á di ẹyin. Lórí iPhone, àmì àgbélébùú kékeré méjì á yọ láàárín tí ẹ bá dojú fóònù kọlẹ̀. Ẹ mú wọn di ọ̀kan. Ẹ dúró sí apá tí òjìji yín kò ní bọ́ sínú ohun tí ẹ ń yà.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ kó bára dọ́gba o. Agbádá àti bàbáńrígà ní àpò lápá òsì àyà, iṣẹ́ ọnà ọrùn wọn, irú èyí tí àwọn Hausa ń pè ní aska takwas, sì sọ̀ sápá kan. Ẹ fi fìlà, èjìká àti bàtà mú ìlà, ẹ fi ọnà náà sílẹ̀ bí olówó rẹ̀ ṣe wọ̀ ọ́. Ẹ tún kíyè sí selfie: àwọn fóònù kan ń fi í pamọ́ bí dígí, àpò á sì bọ́ sí ọ̀tún. Ẹni tó mọ aṣọ á rí i lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni fọ́tò tí wọ́n gé ìdajì rẹ̀, tí wọ́n yí i, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ra: ìkùukùu kan náà lẹ́ẹ̀méjì, ọ̀rọ̀ pátákó tó kọ ẹ̀yìn. Mi ò fara mọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ yẹra fún ibùdó ológun, ibi àyẹ̀wò ojú ọ̀nà, ọ̀nà Villa àti pápákọ̀ òfuurufú.

Bí ẹ bá délé, ẹ yẹ iṣẹ́ yín wò nínú Snapseed, áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe. Ẹ fi Rotate yí ẹ̀dà fọ́tò náà, kí ọ̀tún di òsì, kí ẹ fi pamọ́. Ẹ ṣí ojúlówó, ẹ lọ sí Double Exposure, ẹ gbé ẹ̀dà náà lé e lórí, kí ẹ fa Opacity rẹ̀, ìyẹn bó ṣe hàn tó, dé ìdajì. Bí òpó kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ wà lórí ìlà. Bí gbogbo rẹ̀ bá di méjì-méjì pẹ̀lú àlàfo kan náà, ẹ wulẹ̀ gé etí kan ni, Crop á tún un ṣe. Bí ti òkè bá yà ju ti ìsàlẹ̀ lọ, fóònù ló fì, ẹ lo Rotate tàbí Perspective. Ṣùgbọ́n bí ohun iwájú bá bára mu tí ti ẹ̀yìn kò bára mu, ẹsẹ̀ ni. Ẹ padà lọ yà á.