Ọdún 2025: ọdún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ológun 6888

Ẹ kú ìparí ọdún o, ẹ sì kú ìdúró tì wá.

Bí mo bá wẹ̀yìn wo ọdún yìí, oṣù Kẹrin nìkan ni mo ń rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ní Washington, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà fi àmì-ẹ̀yẹ wúrà dá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ológun 6888 lọ́lá, àwọn tó to lẹ́tà àwọn ológun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ wọn ti ń béèrè pé: báwo la ṣe máa rí ìwé iṣẹ́ ológun ìyá wa?

Ẹ ti mọ ìtàn wọn: obìnrin dúdú 855, Charity Adams ni ọ̀gá wọn, ní Birmingham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1945. Lẹ́tà kún gbọ̀ngàn bámúbámú, eku ti dá ihò sí páálí oúnjẹ. Wọ́n ní kí wọ́n parí rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò. Káàdì orúkọ àwọn ológun, mílíọ̀nù méje, ló wà níwájú wọn, àwọn tó ń jẹ́ Robert Smith nìkan lé ní 7,500. Nọ́ńbà ológun ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Nọ́ńbà yẹn náà la fi ń wá àwọn fúnra wọn lónìí.

Lẹ́tà A ló ṣáájú nọ́ńbà obìnrin tí kì í ṣe ọ̀gá. L ni ti ọ̀gá. Orúkọ tó ń jẹ́ nígbà tó wọṣẹ́ ni kí ẹ fi wá a lórí àkọsílẹ̀ àwọn tó wọṣẹ́ ológun, kì í ṣe orúkọ ọkọ tó fẹ́ lẹ́yìn náà. Inú káàdì àtijọ́ ni ẹ̀rọ ti ka orúkọ wọ̀nyẹn, ó sì ṣi lẹ́tà kà. Bí orúkọ kò bá jáde, ẹ fi ọdún ìbí, ìpínlẹ̀ àti A yẹn wá a.

Iná tó jó ní ilé ìpamọ́ ìwé àwọn ológun ní St. Louis, Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 1973 run nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún fáìlì àwọn ológun orí ilẹ̀ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín 1912 sí 1960. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà. Ẹ lọ sí kọ́ọ̀tù kọ́ńtì (county, ìjọba ìbílẹ̀ ti Amẹ́ríkà). Ọ̀pọ̀ ológun tó dé ló gbé ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun lọ síbẹ̀ kí wọ́n dà á kọ, kó má baà sọnù. Kọ́ńtì tó padà sí lẹ́yìn ogun ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n bí i sí. Níbòmíràn, ẹbí nìkan ni wọ́n ń fún, nítorí náà ẹ mú ìwé ikú ìyá àti ìwé ìbí yín dání. Bí ẹ̀dà náà bá dúdú tí ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ funfun, kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò ìwé nígbà náà nìyẹn. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ tó kúrò ní Amẹ́ríkà sí. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1945 ni ti àwọn tó kọ́kọ́ lọ.

Ìròyìn òwúrọ̀ (morning report), ìwé tí ẹgbẹ́ ológun náà ń kọ lójoojúmọ́, wúlò, àmọ́ àyípadà nìkan ló ń kọ: ẹni tó dé, ẹni tó lọ, ẹni tó ṣàìsàn. Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe kì í hàn níbẹ̀.

Màmá tí ẹ máa ń kí nípasẹ̀ mi kò dúró dé ọjọ́ wúrà náà. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé. Mẹ́ta nínú wọn, Mary Bankston, Mary Barlow àti Dolores Browne, wà ní itẹ́ àwọn ológun ní Normandy, ilẹ̀ Faransé. Ìjàǹbá ọkọ̀ ní oṣù Keje 1945 ló pa wọ́n. Ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú ìgbà náà, àwọn bíi Pittsburgh Courier àti Chicago Defender, ni a fẹ́ kà láti oṣù Kìíní 2026, ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn, kí a lè mọ àdúgbò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jáde lọ. Bí Ọlọ́run bá fẹ́.